Bí a ṣe gbé àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ kalẹ̀: ìrírí mi nídìí ìwé

Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn àfihàn, tó rí igbá fínfín lórí pèpéle funfun, ẹni tó fín in ló máa ń yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí igbá yẹn tó débẹ̀, ó ti gba ọwọ́ akọ̀wé, gbẹ́nàgbẹ́nà, oníná, agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ kọjá, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ kan kalẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́. Ìdí ìwé ni wọ́n fi mí sí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ni kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí wà rárá.

Ilé àwọn tó ni nǹkan la ti bẹ̀rẹ̀. Igbá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín in, làbà Ṣàngó, ìyẹn àpò awọ àwọn oníṣàngó, wá láti ilé àwọn oníṣẹ́ awọ, ìlù wá láti agboolé àyàn, àwọn ìyá wa sì tú àpótí, wọ́n kó aṣọ òfì jáde. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn kan, wọ́n ní ẹrù àwọn á gba ibẹ̀ dé òkè òkun. N kò bá wọn jiyàn. Mo ṣàlàyé pé òfin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti nǹkan àtijọ́, sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó nǹkan àtijọ́ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, mo sì fi ìwé àdéhùn hàn wọ́n: ẹ̀dà kan lọ́wọ́ wọn, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ wa, ọjọ́ tí ẹrù máa padà wà nínú rẹ̀. Àwọn tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka sí i.

Kò sí ohun tó kúrò nílé láìjẹ́ pé mo ti kọ ipò tó wà sílẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n mú igbá ọlọ́mọrí kan. Mo wọ̀n ọ́n, mo ya fọ́tò rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nínú. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé: etí ọmọrí ti sán níbi kan, ó gùn tó ìka méjì, wọ́n ti fi okùn rán an rí, ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà nídìí, ìyẹ̀fun wà lẹ́nu ọ̀kan. Ìyẹ̀fun yẹn ló gba àròjinlẹ̀. Ihò àtijọ́ máa ń dúdú, ẹnu rẹ̀ á mọ́. Èyí tí ìyẹ̀fun funfun bá ṣì ń yọ níbẹ̀, kòkòrò wà nínú ẹ̀ tó ń jẹun lọ.

Ìyá tó ni igbá náà dá mi dúró. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ ara wọn rán ojú ibẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ tún un ṣe o.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Mà, a ò ní fọwọ́ kàn án.” Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì tún ibẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, ojú ìrán yẹn níye lórí tó fínfín tó wà lára igbá.

Gbígbé ẹrù ní ọ̀nà tirẹ̀. A kì í di igbá mú létí. Ọwọ́ kan nídìí, ọwọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ibọ̀wọ́ òwú funfun la gbọ́dọ̀ wọ̀ sí gbogbo nǹkan. Igbá tó ti dán máa ń yọ̀ bọ́ nínú ibọ̀wọ́ òwú. Ọwọ́ tí a fọ̀ tó gbẹ dáadáa ló sàn fún un. Ide ló fẹ́ ibọ̀wọ́, nítorí òógùn ọwọ́ máa ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Igbá oníkòkòrò kò bá àwọn yòókù sùn yàrá kan náà. A fi aṣọ òwú wé e, a fi ọ̀rá dì í pinpin, ó di inú fírísà. Ohun tí àwọn onímùsíọ́mù ń tẹ̀ lé ni ìwọ̀n òtútù 20 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ mọ bí iná ìjọba ṣe rí. Bí fírísà bá ń yọ́ tó tún ń dì, kòkòrò lè má kú, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta yìnyín, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi, la gbé e lọ. Nígbà tó jáde, a kò tú ọ̀rá náà títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi lè dúró sára ọ̀rá, kó má kan igbá.

A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlù. Awọ tó ti le dẹngbẹ lójú ìlù lè ya nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ sì ni, afẹ́fẹ́ gbẹ, igi ń sán, awọ ń fà. Mo ń ka ṣaworo etí ìyáàlù kan lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ni bàbá àyàn tó ni ín wọlé. Wọ́n fìka kan awọ, wọ́n mi orí. “Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá fi sílẹ̀ báyìí, á ya. Ẹ jẹ́ kí n dẹ ọṣán ẹ̀.” Òfin ilé ni pé nǹkan tó bá ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. A jókòó sọ ọ́, a sì gbà pé bàbá ni kó dẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn. Nítorí ìlù ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn, ta ló sì mọ ìlù ju àyàn lọ?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti parí pèpéle tipẹ́tipẹ́, torí ọ̀dà tútù máa ń mí èéfín tó ń ba ide àti awọ jẹ́; ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹrù tó gorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ògiri, àárín rẹ̀ sábà máa ń wà níwọ̀n 150 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. A rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀.

Oníná ló bá mi lò pẹ́ jù. Aṣọ tí wọ́n pa láró tàbí awọ aláwọ̀ pupa kò yẹ kó gbà ju lux 50 lọ (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan), bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan lè tó lux 100,000. Àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jẹ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. A ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé, a yí iná kúrò lójú etù àti àlàárì. Àwọn àlejò ní ibẹ̀ ṣókùnkùn. Oníná náà ń fi sùúrù sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró díẹ̀, ojú wọn á mọ́ ọn lára.

Èmi ni mo kọ káàdì àlàyé. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu olóhun ni mo lò, mo sì takú pé orúkọ ẹni tó ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum dòní. A mọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀. Àìmọye ẹgbẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà nínú gíláàsì káàkiri ayé tí káàdì wọn kò sọ ju “Yorùbá” lọ. Ó máa ń dùn mí. Lábẹ́ káàdì tó gbẹ̀yìn, a kọ orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà, oníná, agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ.

Ọlọ́dẹ wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ fọwọ́ kan làbà Ṣàngó. Ó ti ṣọ́ wọn. A sún làbà náà sẹ́yìn, a gbé igbá kan tí kò sí nínú àfihàn síwájú, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan lè fọwọ́ kan ìyẹn.

Nígbà tí àfihàn parí, mo tún gbé ìwé mi, mo yẹ ohun gbogbo wò pẹ̀lú fọ́tò àkọ́kọ́, a sì dá wọn padà sílé kọ̀ọ̀kan. Ìyá onígbá wo ojú ìrán, wọ́n wo ìdí, wọ́n tẹ̀ka. Mo ní kí wọ́n gbé e lé aṣọ dúdú fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa wo abẹ́ rẹ̀: bí ìyẹ̀fun bá tún yọ, kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí.