Ilé Ọmọ Kì Í Ṣe Ìkòkò Tí À Ń Fọ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lẹ́yìn Ìbímọ àti Oyún Tó Bàjẹ́

Lóṣù Kẹta, nígbà tí ooru Abuja ń ta awọ, aládùúgbò wa kan ní Kubwa bímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti Òṣogbo dé tòun ti álọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Hausa gbé kúnú oníkáún wá láti ilé kejì. Ọjọ́ kẹta kò tíì pé tí ìyá ọmọ ti jókòó lórí omi tó ń hó, tí wọ́n da apakòkòrò tí a fi ń fọ egbò sí. “Kí ìdọ̀tí inú lè jáde,” ni màmá wí. Awọ ìdí rẹ̀ ló bó. Ilé ìwòsàn ló gbà á.

Ẹ̀jẹ̀ ojú egbò la sọ di ìdọ̀tí. Ibi tí ibi ọmọ ti já kúrò lára ilé ọmọ, egbò ńlá ló kù síbẹ̀. Ẹran ilé ọmọ á sún kì, á fún ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ pa. Lẹ́yìn náà ni awọ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ìpìlẹ̀ awọ inú, bí ẹ̀fọ́ tí a ré lórí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Awọ tó kù lè padà bọ̀ sípò láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ṣùgbọ́n ojú ibi ọmọ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6. Láàrin àsìkò yẹn ni ilé ọmọ tó wọn nǹkan bíi kílò 1 lọ́jọ́ ìbímọ á sún kì títí kò ní tó gíráàmù 100. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ pupa, á wá ṣókùnkùn, á sì funfun níkẹyìn.

Ooru omi gbígbóná kì í dé ilé ọmọ. Ìdí ló ń jó, ó sì burú jù fún ẹni tí wọ́n rán ojú ara rẹ̀. Apakòkòrò ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó mọ́ tó láti fi ṣan ìdí. Ní ti káún, iyọ̀ inú rẹ̀ ń dá omi dúró sára. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ nípa káún àti ìwẹ̀ gbígbóná lára àwọn ìyá tí ọkàn wọn kò lágbára tó láti tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti oyún tó bàjẹ́. Obìnrin ti ṣe D&C, ìyẹn fífi irin ha inú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń kán, ẹnì kan á ní kó lọ “tún un fọ̀,” láìṣe síkáànù. Irin tó bá ha awọ dé gbòǹgbò ti ha ohun tí ì bá hù padà. Ojú egbò iwájú àti ti ẹ̀yìn nínú ilé ọmọ lè lẹ̀ mọ́ra. Dókítà Joseph Asherman ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1948, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Nǹkan oṣù á kéré tàbí kó dá, oyún á ṣòro. A sì máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é! Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n fi ohun èlò tó ń fa inú ilé ọmọ jáde tàbí oògùn rọ́pò irin. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ lò kí ẹ tó gorí tábìlì.

Ẹ má sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń lò nígbà oyún tì nítorí pé ọmọ ti dé; ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 6 sí i.

Àṣìṣe kan kù: kí a máa pe ewu ní “ìdọ̀tí ló ń jáde.” Bí páàdì bá ń kún láàrin wákàtí kan, tí òmíràn tún kún tẹ̀lé e, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá tóbi ju ẹyin lọ, bí ó bá ń rùn tàbí tí ibà bá dé, ẹ wọkọ̀ lóru yẹn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ì báà pọ̀ tó báwo.