Bí a ṣe ń fi ọrun fa gìtá kó lè dún bíi ti Sigur Rós

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orin Sigur Rós lè rò pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dún yẹn. Gìtá ni. Jónsi, akọrin ẹgbẹ́ náà, kì í fi ìka ta á. Ọrun sẹ́lò, ẹ̀gbọ́n fayolíìnì tí wọ́n máa ń jókòó fà, ló fi ń fà á, bí onígòjé ṣe ń ṣe nínú orin sákárà. Ìlú Reykjavík ní Iceland ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1994. Jónsi kọ́ ló kọ́kọ́ dá irú àrà yìí o. Jimmy Page, onígìtá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi ọrun fa gìtá kí wọ́n tó bí Jónsi.

Ẹ wá gìtá oníná, amplifier tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, ọrun, rọ́sìn àti pẹ́dàlì reverb kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn máa dún lọ bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá lẹ wà. Ọrun fayolíìnì náà á ṣe é, àmọ́ ti sẹ́lò wúwo jù ú lọ, ó sì ń di okùn irin mú. Ẹ má ra olówó ńlá, torí okùn gìtá máa ń já irun ẹṣin ara rẹ̀. Ẹ má sì fi gìtá onígìtá ṣe é, rọ́sìn á bò ó ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́sìn pa irun ọrun. Ibí gan-an ni mo ti jìyà. Mo fa tèmi títí, kò dún, ó kàn ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n da ọṣẹ sí. Mo ti ń múra láti dá a padà fún ẹni tó tà á kí n tó mọ̀ pé irun tuntun kì í ní rọ́sìn lára. Oje igi tó ti gan ni rọ́sìn. Òun ló ń jẹ́ kí irun di okùn mú, kó jù ú sílẹ̀, kó tún dì í mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdìmú àti ìjùsílẹ̀ yẹn ni ohùn. Ẹ pa á títí ìyẹ̀fun rẹ̀ á fi máa bọ́ sílẹ̀.

Okùn sẹ́lò yọ gọ̀ǹgọ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí ọrun lè kan ọ̀kan láìkan ìkejì. Ti gìtá tẹ́ pẹrẹsẹ. Torí náà, okùn tó nípọn jù àti èyí tó tín-ín-rín jù nìkan lẹ lè dá fà. Àwọn ti àárín á máa dún pọ̀ ni. Ẹ má bá a jà. Ẹ yí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí wọ́n á fi di kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ohùn mélòó kan tó bára mu tó ń dún pọ̀. Ẹ wá gbé ọrun sáàárín pickup, ohun tó ń gba ohùn okùn sínú iná, àti bíríìjì tí okùn gùn lé nídìí gìtá, ẹ jẹ́ kí ìwúwo apá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fà á jẹ́jẹ́. Á kọ́kọ́ ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Tó bá yá, níbì kan láàárín ìfà, ohùn á là.

Gbígbẹ ni ohùn yẹn, kò dùn. Ẹ sún reverb sókè kọjá ibi tí ẹ rò pé ó tó, kó máa dún fún ìṣẹ́jú àáyá 6 sí 10 lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọrun kúrò. Bí ẹ bá to distortion, ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn ha, ṣáájú reverb, ohùn á gbóná, orin á ṣì yé èèyàn. Bó bá wà lẹ́yìn reverb, gbogbo rẹ̀ á dà rú, á di ògiri ariwo. Ìparí orin ni kí ẹ fi ìyẹn pamọ́ dè.

Ẹ gbọ́ orin tó kẹ́yìn nínú àwo wọn ti 2002, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò ju àmì àkámọ́ méjì lọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú 11. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì parí bí ìjì. Onílù yín ni ẹ máa bẹ̀ jù pé kó ní sùúrù, torí ọwọ́ á máa yún un. Ní ti ọ̀rọ̀ orin, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú: sílébù tí kò nítumọ̀ ni Jónsi fi kọ gbogbo àwo yẹn, Vonlenska ni wọ́n ń pè é.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu rọ́sìn kúrò lára okùn kó tó le. Kí ẹ tó gbé ọrun sínú àpótí, ẹ yí ìdè ìdí rẹ̀ kí irun lè dẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi rẹ̀ á wọ́.