Fáìlì Kan, Ọwọ́ Púpọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Jọ Ṣiṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ wo inú fóònù yín wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí fáìlì kan tó ń jẹ́ "Result SS2 final", èkejì á máa jẹ́ "Result SS2 final 2", ẹ̀kẹta "Result SS2 final CORRECT". Èwo ni ojúlówó? Ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ gan-an lè má mọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó èsì ìdánwò nílé ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: inú fáìlì kan ṣoṣo ni kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ máa gbé, kí gbogbo èèyàn máa lọ bá a níbẹ̀. Ẹ yé fi fáìlì ránṣẹ́ síra yín. Líǹkì ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.

WhatsApp la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo wa ní lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa fi sọ, ẹ má fi tọ́jú iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá kọ máàkì sórí gúrúùpù láàárọ̀, kó tó dalẹ́, "ẹ kú oríire", àdúrà àti fídíò ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi líǹkì fáìlì sínú group description, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á ti rí i láìbèèrè, kí ẹ sì tún fi Pin so ó mọ́ òkè gúrúùpù. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọjọ́ ìpàdé, ẹ ṣe poll (ìdìbò orí WhatsApp), kí ẹ má jẹ́ kí ogún èèyàn máa kọ "ó dára" nígbà tí ẹ ò mọ ọjọ́ tó dára fún wọn. Ìpinnu tó bá ti wáyé, kí ẹnìkan gbé e kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ti Google ni mo máa ń lò fún fáìlì: Docs fún ọ̀rọ̀ kíkọ, Sheets fún ìṣirò, Drive fún ìkópamọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fóònù Android ti ní àkáǹtì Gmail, yálà wọ́n rántí password rẹ̀ tàbí wọn ò rántí. Wọ́n ń fún yín ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in, nítorí náà fọ́tò ìnáwó lè gba àyè mọ́ iṣẹ́ yín lọ́wọ́. Bí ọ́fíìsì yín bá ti ń lo Word àti Excel, ti Microsoft náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àyè 5 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí OneDrive. Trello dára fún ẹni tó fẹ́ máa rí iṣẹ́ tó kù, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ àti èyí tó ti parí. Slack, tí ẹgbẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, náà dára, àmọ́ ẹni tí kò bá sanwó kò ní rí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá 90 ọjọ́. Èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ yín lè ṣí láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ ni kí ẹ mú.

Broadsheet lórí Sheets

Nílé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú máàkì iṣẹ́ tirẹ̀ wá, olùkọ́ kíláàsì á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí broadsheet. Ìwé gbàǹgbà ni tẹ́lẹ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ. Bí ẹnìkan bá ti mú un lọ sílé, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lórí Sheets, gbogbo olùkọ́ lè jọ máa kọ máàkì lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú wà nílé tirẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí, orí kọ̀ǹpútà sì ni mo ti ń ṣe ètò náà. Ẹ lè fi fóònù kọ máàkì tó bá yá. Mo máa ń fún fáìlì ní orúkọ tí kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú: kíláàsì, táàmù, ọdún. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni broadsheet fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, tab kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: Maths, English, Yorùbá, Biology, títí tó fi máa tán. Nínú tab kọ̀ọ̀kan, òpó A ni orúkọ ọmọ, B ni CA (máàkì iṣẹ́ inú táàmù) tó jẹ́ 40, C ni ìdánwò tó jẹ́ 60, D ni àpapọ̀. Ohun tí mo máa ń kọ sí D nìyí:

=IF(COUNT(B2:C2)<2,"",B2+C2)

Ohun tó ń sọ fún Sheets ni pé bí máàkì méjèèjì ò bá tíì pé, kí D ṣófo. Bí wọ́n bá ti pé, kó rò wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìdánwò kò jọ ọmọ tó jókòó kọ ìdánwò tó sì gba òdo. Bí òdo bá wọ ibi tó yẹ kó ṣófo, àròpín máàkì ọmọ náà á já wálẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò. AVERAGE, tí Sheets fi ń ṣírò àròpín, kì í ka ibi tó bá ṣófo, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ṣófo, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí comment lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dí ọ̀nà àṣìṣe. Ẹ mú òpó C, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Data validation, ẹ ní kó máa gba nọ́ńbà láti 0 dé 60 nìkan, kó má sì gba ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ tó fẹ́ tẹ 54 tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ 544, Sheets ò ní gbà fún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún B, láti 0 dé 40. Ẹ padà sí Data, ẹ tẹ Protect sheets and ranges, ẹ ti òpó orúkọ àti òpó D pa, kí ẹ sì ṣe é kó jẹ́ pé olùkọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló lè kọ nǹkan sínú tab rẹ̀.

Mo wá fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sort nínú fáìlì yìí. Ìlà ni broadsheet ń wò láti mú máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan wá láti inú tab. Ó gbà pé ọmọ tó wà ní ìlà 7 nínú Maths náà ló wà ní ìlà 7 nínú English. Bí olùkọ́ Biology bá to máàkì tirẹ̀ láti orí èyí tó ga jù lọ, máàkì ọmọ kan á bọ́ sọ́rùn ọmọ mìíràn, kò sì ní sí àmì kankan tí yóò kìlọ̀ fún yín. Ẹ kọ ìkìlọ̀ náà sókè tab kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú.

Fún ipò nínú kíláàsì, ká ní ọmọ 42 ló wà, tí àpapọ̀ wọn sì wà ní òpó P lórí broadsheet, =RANK(P2,P$2:P$43) ló máa ṣe é. Bí ọmọ méjì bá jọ ṣe ipò kẹta, ẹni tó tẹ̀ lé wọn á ṣe ipò karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe é lórí ìwé.

Àwọn àgbà ńkọ́? Màmá kan wà láàárín wa tí wọ́n ní àwọn ò lè lo "nǹkan íntánẹ́ẹ̀tì yẹn", kí n kúkú máa bá àwọn tẹ máàkì àwọn. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín wá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́." Mo jókòó tì wọ́n, mo gbé fáìlì náà sí ojú fóònù wọn níwájú, níbi tí wọn ò ti ní wá a kiri, mo sì ní kí wọ́n tẹ máàkì ọmọ àkọ́kọ́. Nígbà tí àpapọ̀ jáde fúnra rẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kò ní lọ tí mo bá pa fóònù?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀ tí wọn ò lè bèèrè. Kò ní lọ: bí dátà bá ti wà, Sheets ń fi iṣẹ́ pamọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ àgbà kẹ́ ẹ máa bá wọn ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tiwọn ṣe é lójú yín.

Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń ṣe HND, àwọn márùn-ún ni wọ́n pín project kan fún, kò sì sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti kọ ọ́, lórí Docs. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́ ni "ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é". Iṣẹ́ tí kò bá lórúkọ ẹnìkan lára, bí ewúrẹ́ tí èèyàn púpọ̀ jọ ni ló rí, ebi ni yóò pa á. Ẹ ṣe tábìlì kékeré sí ojú ewé àkọ́kọ́: iṣẹ́, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Kì í ṣe "Chapter Two: Bọ́lá àti àwọn yòókù". Bọ́lá nìkan. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó dára, ṣùgbọ́n Bọ́lá la ó bi. Kí ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ sì ṣáájú ọjọ́ tí supervisor fẹ́ gbà á, kí àyè lè wà fún àtúnṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fún èèyàn ní àṣẹ, ẹ tẹ Share, kí ẹ sì ronú kí ẹ tó yàn. Viewer lè kà á nìkan. Commenter lè sọ èrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè yí ọ̀rọ̀ padà. Editor lè kọ ọ̀rọ̀, ó lè yí i padà, ó sì lè nu gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì kúrò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ni Editor. Kí supervisor jẹ́ Commenter, kí ọ̀rọ̀ wọn lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tí wọ́n ń bá wí. Bí ẹ bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, ẹ bọ́ sí Suggesting kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àtúnṣe yín á fi àwọ̀ hàn, ẹni tó ni iṣẹ́ á sì lè gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Èyí ń dín ìjà kù gan-an ni, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jí láàárọ̀ kó rí i pé wọ́n ti nu ìpínrọ̀ òun. Nínú comment, bí ẹ bá kọ @ pẹ̀lú ímeèlì ẹnìkan, ọ̀rọ̀ náà á lọ bá a nínú ímeèlì rẹ̀. Kò ní lè ní òun ò rí i.

Bí ẹnìkan bá sì nu nǹkan, ẹ má pariwo. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà, kódà bó jẹ́ ti cybercafé, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Version history. Ẹ ó rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí láwọn ọjọ́ tó ti kọjá, àti àwọ̀ tó ń fi ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ hàn. Ẹ mú èyí tó dára, ẹ tẹ Restore. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ẹ̀yìn ìwé. Tí ẹ bá ṣe tán ní cybercafé, ẹ jáde nínú àkáǹtì yín pátápátá kí ẹ tó dìde.

Ọ̀rọ̀ dátà àti iná: Docs kì í jẹ dátà bíi fídíò, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbé. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà lórí fóònù, ẹ yan Make available offline. Ẹ ó lè máa kọ ọ́ nígbà tí dátà ò sí, yóò sì bá ti àwọn yòókù dọ́gba nígbà tí dátà bá dé. Àmọ́ kí ẹni méjì má ṣe máa tún ìpínrọ̀ kan náà ṣe láìsí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀rọ̀ wọn á lọ́ mọ́ra.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ lédè Yorùbá bíi tiwa, ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà lórí Gboard, kí àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ lè wà nítòsí. Ẹ kọ àmì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá rí project Yorùbá tí wọ́n ní àwọn á fi àmì sí "tó bá yá".

Ìpàdé

Ìpàdé lórí fóònù ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Zoom ọ̀fẹ́ ń fúnni ní 40 ìṣẹ́jú, Google Meet ọ̀fẹ́ ń fúnni ní wákàtí kan bí ẹ bá ti tó mẹ́ta. 40 ìṣẹ́jú tó, bí ẹ bá ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sínú Docs ṣáájú. Kí ẹnìkan máa kọ ìpinnu síbẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́, kí gbogbo yín rí i kí ẹ tó pínyà.

Ta ló ni fáìlì, ta ló lè rí i

Máàkì ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Ẹ má ṣe fi broadsheet sí "Anyone with the link", torí líǹkì tó bá bọ́ sí gúrúùpù àwọn òbí ti di ti gbogbo ayé. Restricted ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ máa kọ ímeèlì olùkọ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kan ilé ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe báńkì nìkan.

Kí àkáǹtì tó ni fáìlì náà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ọ́fíìsì, kó má jẹ́ Gmail ẹnìkan. Bí ẹni yẹn bá rí iṣẹ́ síbòmíràn tó sì pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, fáìlì á bá a lọ. Google sì lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò lò fún ọdún méjì rẹ́, nítorí náà kí ẹnìkan máa wọ inú rẹ̀. Ẹ tan 2-Step Verification, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password, sórí rẹ̀, kí èèyàn méjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú Drive á wà nínú Trash fún 30 ọjọ́, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá.

Bí táàmù bá parí, ẹ gba broadsheet náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Excel àti PDF, ẹ fi sínú fódà ọdún náà, ẹ yọ ímeèlì olùkọ́ tó ti lọ kúrò lára Share, kí ẹ sì sọ gbogbo àwọn tó kù di Viewer. Fún táàmù tuntun, ẹ tẹ Make a copy, ẹ nu òpó B àti C nìkan, ẹ yẹ orúkọ ọmọ tó ti kúrò àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wò nínú gbogbo tab, ẹ tún ẹni tó lè kọ nǹkan sínú tab kọ̀ọ̀kan yàn, kí ẹ tó fi líǹkì tuntun sórí gúrúùpù.