Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rin ààlà Eyam kí n tó yà á sórí ìwé

Iṣẹ́ tí mo gbé fún ara mi ni pé kí n ya àwòrán ilẹ̀ abúlé kan fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Sheffield, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Òkè, ìsun omi, ààlà, ibojì, kànga: inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń bá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pàdé. Mo ní kí n wá ibi tí wọ́n lè fojú ara wọn rí. Eyam ni mo mú, ní Derbyshire, torí pé kò jìnnà sí wa. Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 sì ni ìtàn abúlé náà, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ara wọn mọ́lé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1665 sí 1666, ti wà lọ́kàn mi. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é o. "Íìmù" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Mo kọ́kọ́ ra àwòrán ilẹ̀ Ordnance Survey tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ OL24, èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin dúró fún kìlómítà kan. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ibi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ní àríwá Eyam, wọ́n fún mọ́ra bí eyín ìyàrun. Òkè ni gbogbo ibẹ̀, títí dé Sir William Hill tó ga tó mítà 429. Ní gúúsù, àfonífojì tó jìn ló gé ilẹ̀ náà. Àárín méjèèjì ni abúlé jókòó sí, bí àwo lórí pẹpẹ. Orúkọ rẹ̀ gan-an, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "níbi àwọn erékùṣù" ló túmọ̀ sí. Nígbà tí Ọba William ní kí wọ́n kọ gbogbo ilẹ̀ àti dúkìá England sílẹ̀ ní 1086, "Aiune" ni wọ́n kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wo irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, torí òun ló sọ fún mi ìdí tí wọ́n fi tẹ abúlé náà dó síbẹ̀. Ní gúúsù, òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò. Omi kì í dúró lórí rẹ̀, ṣe ló máa ń rì wọlẹ̀. Ní àríwá, òkúta oníyanrìn líle ni, irú èyí tí àwọn ará agbègbè náà ń gbẹ́ ṣe ọlọ láyé àtijọ́, omi a sì máa ṣàn wálẹ̀ láti orí rẹ̀. Ibi tí òkúta méjèèjì ti súnmọ́ra ni Eyam wà, níbi tí omi ti ń sun kó tó rì. Láti 1588 ni wọ́n ti fa omi ìsun náà wá sójú pópó, sínú ọpọ́n òkúta, díẹ̀ lára àwọn ọpọ́n náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Òjé sì wà nínú òkúta funfun, wíwa òjé ló bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà tí àrùn dé, omi kò wọ́n wọn. Oúnjẹ ló kù tó ní láti wá láti ìta.

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni mo lọ, Ìyá Tóbi sì bá mi lọ. A wọ rélùwéè láti Sheffield, ó gba inú ihò Totley kọjá lábẹ́ òkè, ihò tó gùn ju kìlómítà márùn-ún lọ, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Grindleford. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn, òkè ló sì pọ̀ jù.

Ibi tí a kọ́kọ́ kàn kí a tó wọ abúlé ni Ibojì Riley, ní ìlà-oòrùn. Ògiri òkúta róbótó kan ló yí i ká láàárín pápá koríko. Ibojì méje ni: ọkọ kan àti ọmọ mẹ́fà. Elizabeth Hancock ló sin wọ́n láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1666. Mo mú pẹ́ńsù jáde kí n máa yà á, àmọ́ mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo fi ìka tọ lẹ́tà ara òkúta kan. Ewédò ti bo ìdajì orúkọ náà, ìka mi ló bá mi kà á ju ojú lọ.

"Àǹtí, ta ló bá a gbé wọn?" ni Ìyá Tóbi bi mí.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bá a gbé wọn, mà. Òun nìkan ni."

Àdúrà gbogbo òbí nílẹ̀ wa ni pé kí ọmọ gbẹ̀yìn òun. Ìyá Tóbi kò tún sọ nǹkan kan títí a fi jáde kúrò nínú ògiri yẹn. Lẹ́yìn àrùn náà, Sheffield ni obìnrin yìí kó lọ, níbi tí ọmọ rẹ̀ kan tó kù wà, ìlú tí àwa méjèèjì ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nínú abúlé, mo sàmì sí ṣọ́ọ̀ṣì St Lawrence, àti àgbélébùú òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba ọdún sẹ́yìn. Ní ìwọ̀-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ wà. George Vicars, tó ń bá télọ̀ kan ṣiṣẹ́, ló gba ẹrù aṣọ láti London. Wọ́n ní aṣọ náà tutù, ó sì sá a síwájú iná. Eégbọn tó gbé àrùn ara eku wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1665 ni wọ́n sin ín. Àrùn náà rọlẹ̀ nígbà òtútù, ó sì tún gbérí nígbà tí ooru dé.

Ní oṣù Kẹfà 1666 ni àlùfáà wọn, William Mompesson, pe àwọn ará abúlé jọ. Thomas Stanley, tó ti ṣe àlùfáà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ti yọ nítorí kò gba òfin ìjọsìn ọdún 1662, dúró tì í. Èmi rò pé láìsí Stanley, àwọn èèyàn ì bá má gbọ́, torí òun ni ọ̀pọ̀ wọn fọkàn tán. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde, ẹnikẹ́ni kò ní wọlé, kí kálukú sin òkú rẹ̀ sítòsí ilé, kí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Catherine, ìyàwó Mompesson, kú ní oṣù Kẹjọ. Ibojì rẹ̀ kò jìnnà sí àgbélébùú àtijọ́ yẹn. Kí àrùn tó káṣẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, èèyàn 260 ló ti bá a lọ.

Òkúta Ààlà ni mo pẹ́ sí jù. Ó wà lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí Stoney Middleton, abúlé tó wà nítòsí, òkúta ńlá kan nínú koríko, ihò mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ọtí kíkan ni wọ́n ń bù sínú àwọn ihò náà, wọ́n á ki owó bọ̀ ọ́ kí àrùn má bàa tẹ̀ lé e, àwọn ará ìta á gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á mú owó, wọ́n á lọ. Earl ti Devonshire, ìjòyè ńlá kan, náà fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn láti Chatsworth, ilé ńlá rẹ̀. Mo ti ìka bọ ihò kan. Omi òjò ló wà nínú rẹ̀, ó tutù, etí ihò náà sì ń dán.

Ìyá Tóbi wo iwájú. "Ògiri dà?"

Kò sí ògiri. Kò sí odò. Láti ibi òkúta yẹn, ilẹ̀ kàn dà lọ sísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. A rìn ín dé Stoney Middleton, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Lórí tábìlì mi nílé, mo ti rò pé òkè àti àfonífojì ló há wọn mọ́. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì dúró. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí àwòrán mi gbọ́dọ̀ fi hàn.

Òjò bá wa ní Cucklet Delf, kòtò eléwéko tí wọ́n ti ń jọ́sìn níta nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń rántí wọn ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Ìwé mi rin, mo ní láti tún ibẹ̀ yà. Kànga Mompesson ló kẹ́yìn, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ, wọ́n á fi owó sínú omi.

Nílé, mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo sọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin di mẹ́rìndínlógún. Mo fi pupa fa ìlà ààlà, mo kọ Kànga, Ibojì, Ìsun Omi, Òkúta Ààlà. Mi ò ya ògiri kankan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan dìde wá síwájú. Ó ya ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò lé Òkúta Ààlà, ó na ọmọńdinrín sí Stoney Middleton. Ó dé ibẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti ibí?"