Àrùn Ìbálòpọ̀ Tí Kò Pariwo: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí àtọ̀sí bá mú ọkùnrin, kì í sábà pẹ́ kó tó mọ̀: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀sí àti kílámídíà, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìrora kankan, kí wọ́n máa gòkè lọ síbi ilé ọmọ, kí wọ́n sì dá àpá sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá. Oògùn á pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò ní pa àpá rẹ́. Bí ọ̀nà náà bá dí pátápátá, àìrọ́mọbí ló ń fà. Bí ó bá dí díẹ̀, oyún lè há síbẹ̀, kó bẹ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì sì ń kọ́, iṣẹ́ abẹ lè kàn án lóru ọjọ́ náà. Ẹ gbé e tààrà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, bí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù.

Sífílíìsì ló mọ ẹ̀tàn jù. Egbò kan á yọ, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kì í dunni, á sì jinná fúnra rẹ̀. Agbo ló sábà ń gba ọpẹ́ rẹ̀. Àrùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba ọkàn àti ọpọlọ jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì lè pa ọmọ sínú aboyún. Ẹ forúkọ oyún sílẹ̀ kí oṣù 3 tó pé, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò sífílíìsì pẹ̀lú ti HIV. Abẹ́rẹ́ benzathine penicillin, mílíọ̀nù 2.4 yúníìtì, ni ìtọ́jú sífílíìsì: ẹ̀ẹ̀kan fún èyí tí kò tíì pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún èyí tó ti pẹ́.

Ṣalángá kì í kó àtọ̀sí ranni, ìbálòpọ̀ ni; nítorí náà tọkọtaya ni kó gba ìtọ́jú lọ́sẹ̀ kan náà. Kápúsù mẹ́rin láti kẹ́míìsì kò tó: fún kílámídíà, doxycycline 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7 ni (aboyún kì í lò ó), abẹ́rẹ́ sì ni ti àtọ̀sí. Ẹ má bára yín sùn títí ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ wú, tó ń ṣọyún ní ọjọ́ 2 sí 5 lẹ́yìn ìbí, ẹ má kán omi ọyàn sí i. Ẹ gbé e dé ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà fọ́jú.