Bí ìdílé ṣe lè fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ àwọ̀njẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí ebi jẹ́

Ní 1886, nígbà tí ogun Dàhómì dó ti Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ebi wà lára ohun tó ṣẹ́ ìlú náà lápá. Ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, kọjá lónìí lè ti gbọ́ ìtàn yẹn, kó má sì mọ bí ebi ṣe ń rí lára. Ọjọ́ mẹ́ta lè fi díẹ̀ hàn án, bí àwọn àgbà ilé bá ṣètò rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ààwẹ̀ o. Wọ́n á jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, àmọ́ wíwọ̀n ni wọ́n á wọn oúnjẹ náà, kò sì sẹ́ni tí yóò yan ohun tó wù ú.

Aláboyún, ìyá ọlọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, arúgbó, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ọgbẹ́ inú tàbí fòníkú-fọ̀ládìde, àti ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe é. Kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tiwọn ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ mú ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú tí kò sí ìdánwò, ìnáwó tàbí iṣẹ́ oko líle. Oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ló dára jù, nígbà tí àká ti ń gbẹ tí àgbàdo tuntun kò sì tíì gbó. Ẹ mú àwọn ọmọ dání lọ sọ́jà, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ iye tí àgbàdo dà.

Oúnjẹ ẹnì kan lóòjọ́ nìyí: èlùbọ́ àgbàdo 400 gíráàmù, ẹ̀wà 60, epo pupa 25 (ṣíbí ńlá méjì), iyọ̀ 5 (ṣíbí tíì kan). Fún ẹni mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta á gba èlùbọ́ kílò 4.8, ẹ̀wà 720 gíráàmù, epo 300, iyọ̀ 60. Ata àti ewé ẹ̀yìnkùlé nìkan lẹ lè fi kún un. Kò sí ẹja, kò sí magí, kò sí ṣúgà, kò sí búrẹ́dì. Ti ẹnì kan lóòjọ́ tó nǹkan bíi kálórì 1,850. 2,100 ni àjọ PAM (àjọ oúnjẹ àgbáyé) fi ń ṣètò oúnjẹ ìrànwọ́ fún ẹnì kan lóòjọ́. Ebi á máa yọjú, ṣùgbọ́n ara tó le á gbé e.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì dì í sí ọ̀nà mẹ́ta. Ilé tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan á jẹ nínú ti ọjọ́ Àìkú kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Ohun tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n, ẹ má fi kún un. Orí èyí ni gbogbo ètò náà dúró lé.

Nínú èlùbọ́ kílò 1.6 tí ẹni mẹ́rin ní lóòjọ́, ẹ fi 300 gíráàmù po kòkó (ẹ̀kọ mímu) láàárọ̀, kí ẹ fi 700 ro ọkà lọ́sàn-án, 600 lálẹ́. Fún 700 yẹn, ẹ gbé omi lítà méjì kaná. Ẹ fi omi tútù po ìdá kan nínú mẹ́ta èlùbọ́, ẹ dà á sínú omi híhó, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá máa bu ìyókù sí i díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń fi ọmọrogùn rò ó. Ẹ dín iná kù. Bí ìdí ìkòkò bá jó, ìpín ẹnì kan ló jó yẹn. Ẹ ha á, ẹ gbé e kalẹ̀, kí gbogbo wọn rí i. Ẹ̀wà ti alẹ́ ni. Ẹ rẹ ẹ́ láti àárọ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù, á tètè jinná, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wú inú.

Ìgbákọ kan náà ni kẹ́ ẹ fi bù ú fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ bu ti ẹni tó sè é. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ilé á fi tirẹ̀ kún tọmọ, á ní òun ti tọ́ ọ wò nídìí àdìrò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé tí ebi wà gan-an nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í rí i.

Bí àlejò bá dé ńkọ́? Ẹ má lọ ra àkàrà, ẹ má sì jẹ́ kó lọ láìjẹun. Ẹ bù fún un nínú ìkòkò tó wà nílẹ̀, kí ìpín kálukú dín. Kò sí ohun tó le jù èyí nínú ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò sì ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ yẹra fún un.

Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnì kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí òógùn tútù bò ó, ẹ fún un ní omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kó sì padà sí oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Aládùúgbò tí ẹ̀wà ti tán nílé rẹ̀ lè rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣírò owó ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń ná ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ yọ iye tẹ́ ẹ ná kúrò. Ìyókù, bó ti wù kó kéré ní sẹ́fà, kí ọmọ kan bá àgbàlagbà kan lọ fún ẹni tó nílò rẹ̀, kí ilẹ̀ Ajé tó mọ́ tán.