Ẹ wo wáàtì kí ẹ tó ra switch fún kámẹ́rà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra switch PoE, èyí tó ń gbé iná gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí ara kámẹ́rà, ẹ má ka iye ihò rẹ̀ nìkan. Iye wáàtì tí gbogbo rẹ̀ lè gbé lápapọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ara páálí ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, bíi “PoE budget 60W”. Ihò kan tó ń tẹ̀lé ìlànà PoE tí wọ́n ń pè ní 802.3af lè gbé tó wáàtì 15.4 jáde, ti ìlànà 802.3at sì tó 30. Tí ihò mẹ́jọ bá ní kí àwọn gba 15.4 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti lé ní 120 nìyẹn, 60 ò lè kárí. Lọ́sàn-án, gbogbo kámẹ́rà á máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Tílẹ̀ bá ṣú tí iná tí wọ́n fi ń ríran lóru tàn, ọ̀kan tàbí méjì á kú, wáyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ la ó wá máa bú. Ẹ ro wáàtì tó wà lára kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Àmọ́ o, bó ti wù kí wáàtì pọ̀ tó, wáyà ò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.